Olú Iná inú Àpótí 417

Ìṣẹ́gun, 3 Òkúdu 2025

Mo nawọ́ sókè lónìí. Títí di báyìí mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Dókítà Ọ̀ṣuntọ́lá bi kíláàsì wa pé ta ló máa bá àwọn wádìí àpótí kan, kí ìwé àkójọ olú àgbègbè wa tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé lọ́jọ́ kẹrin oṣù Agẹmọ. Mo wòkè, mo rí ọwọ́ kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi ni.

Àpótí 417. Olú márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń so mọ́ ara igi, tó le koko, tó rí bíi pátákò ẹṣin. Ara òkú igi ayùnrẹ́ kan nínú oko kòkó lọ́nà Ìpetumodù ni wọ́n ti ṣẹ́ wọn lọ́dún 1989. Ẹnì kan ti fi ọwọ́ tó dára gan-an kọ orúkọ sí i: Fomes fomentarius. Dókítà ní orúkọ yẹn kò tẹ́ àwọn lọ́rùn.

"Olú tó ń jẹ́ orúkọ yìí, ilẹ̀ òtútù ló ń gbé," wọ́n wí. "Òun làwọn ará ibẹ̀ fi ń gba iná kí ìṣáná tó dé. Ta ló gbé e wá sínú oko kòkó?"

Iṣẹ́ mi ni kí n wá ẹ̀rí: ṣé òun ni, àbí òun kọ́? Bí n kò bá rí ẹ̀rí tó dájú títí di ọjọ́ kẹrin yẹn, wọ́n á yọ 417 kúrò nínú ìwé. Wọ́n tún ní bó bá wúwo jù fún mi kí n tètè sọ, torí Dámilọ́lá tó wà ní Páàtì Tíríì ti ń béèrè iṣẹ́ náà.

Mo dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo sọ fún Khàdíjàh tí a jọ ń gbé yàrá. Ó ní, "Ìwọ Ọmọ́ṣaléwá? Ìwọ tó o máa ń padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta bóyá o ti ti ilẹ̀kùn? Ọwọ́ kọ́ lo nà o. Ẹ̀fọn ló jẹ ọ́ lábíyá."

Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jẹun.


Ọjọ́bọ̀, 5 Òkúdu

Òjò láti àárọ̀. Mo fi ọ̀rá bo ìwé mi, mo sáré dé yàrá tí wọ́n ń kó ewé àti olú gbígbẹ sí. Ọ̀gá Àlàní ló ń tọ́jú ibẹ̀. Wọ́n máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ òfin wọn pọ̀. Bírò ò gbọdọ̀ wọlé, pẹ́ńsù nìkan. Oúnjẹ ò gbọdọ̀ wọlé.

"Kí ló wà nínú báàgì yẹn?"

"Búrẹ́dì ni, sà."

"Gbé e síta. Kòkòrò tó wà níbí mọ òórùn búrẹ́dì ju ìwọ tó o rà á lọ. Bó bá jẹ ẹ́ tán, olú ọdún mẹ́rìndínlógójì ló kàn."

Mo gbé e síta. Nígbà tí mo fi máa jáde, ewúrẹ́ kan ti jẹ ẹ́ tọ̀rátọ̀rá.

Ṣùgbọ́n olú náà! Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ní ìlà yíká, ìlà kan lé òmíràn bí àtẹ̀gùn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́ tójú lásán kò lè kà. Mo gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi súnmọ́ ọn, ihò ọ̀hún di afárá oyin. Ọ̀gá Àlàní fi ayùn kékeré la ọ̀kan fún mi. Inú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí áásà, ó sì ń dán díẹ̀ bí mo ṣe ń yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé mo ti ń rí i lára igi láti kékeré, mi ò sì wò ó rí.

Dókítà ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúkọ fún wa. Ọ̀rọ̀ méjì ni olú kọ̀ọ̀kan ń jẹ́: ti àkọ́kọ́ dà bí orúkọ ìdílé, ti èkejì ni tirẹ̀ gan-an. Nígbà kan, Fomes jẹ́ àpò ńlá tí wọ́n ń ju gbogbo olú líle sí. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ tú àpò náà, wọ́n ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan di Ganoderma, àwọn kan di Phellinus. Ó jọ pé wọ́n gbàgbé tiwa sínú àpò. Tàbí kó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà. Mi ò mọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n mọ̀ ọ́n!

Ìdánwò kan wà tó lè là á láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á kán omi pọ́táṣì sí inú olú náà. Bó bá jẹ́ Phellinus, ibẹ̀ á dúdú lójú ẹsẹ̀, kò sì ní mọ́ mọ́. Bó bá jẹ́ Fomes gidi, á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tó ti ń gbẹ. Ìṣẹ́jú kan péré. Bí Iléyá bá ti kọjá ni mo máa ṣe é.


Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdu

Mi ò rí i ṣe. Pọ́táṣì tó wà nínú láàbù ti gba ọ̀rinrin wọ inú igo, ó ti di ẹrẹ̀ funfun. Wọ́n ti ra òmíràn, wọ́n ní ó wà lọ́nà. Ọ̀nà wo, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Khàdíjàh dé láti ilé wọn ní Modákẹ́kẹ́ pẹ̀lú ẹran Iléyá. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ráhùn. Ó ní, "Torí ìyẹn náà lo ṣe fajú ro?" Ó tọwọ́ bọ báàgì, ó yọ káún jáde. "Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìdánwò rẹ fún màmá mi, wọ́n ní òun làwọn òyìnbó ń pè ní pọ́táṣì. Wọ́n ti bá ọ gún un."

Mo gbé káún lọ fún Dókítà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní nǹkan mìíràn ló wà nínú káún, kò sì lágbára tó. "Bá mi kí màmá Khàdíjàh," ni wọ́n wí.

A fi káún se ẹ̀wà. A fi ẹran sí i.


Ọjọ́bọ̀, 12 Òkúdu

Ìsinmi ìjọba. Kò sí iná. Mo ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọjọ́ méjìlélógún ló kù.


Àbámẹ́ta, 14 Òkúdu

Mo ti rí pọ́táṣì! Ilé wa ló wà!

Mo lọ kí Ìyá àgbà ní Ìrèmọ. Owó kẹ̀kẹ́ ti gbéra sókè, awakọ̀ ní kí n lọ bi àwọn tó ń ta epo. Mo bá Ìyá àgbà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń kó èèpo kòkó gbígbẹ sínú iná. Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí bàbá mi ni wọ́n ti ń se ọṣẹ dúdú. Mo fi àwòrán olú mi hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n mú un jìnnà sójú, wọ́n tún mú un súnmọ́.

"Olú iná nìyí. Ta ló fún ọ?"

"Ilé ìwé ni, mà. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Bàbá mi kì í lọ oko láìmú un dání. Wọ́n á ti ẹnu rẹ̀ bọ ààrò láàárọ̀. Kò ní jó lala, kò sì ní kú. Bá a bá dé oko, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á fi koríko gbígbẹ sí i, iṣu ti dé orí iná nìyẹn." Wọ́n dá fóònù padà fún mi. "Ṣé torí olú iná lo ṣe kọ JAMB lẹ́ẹ̀mejì?"

Mo fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ síbi ajere tí wọ́n kó eérú sí. Wọ́n bu omi lé eérú lórí, omi náà sì ń kán tó-tó-tó lábẹ́ ajere. Omi eérú kòkó! Pọ́táṣì ló wà nínú ìyẹn, òun ló ń sọ àdín di ọṣẹ! Dókítà sọ ọ́ ní kíláàsì lóṣù tó kọjá, mo tiẹ̀ fi ìlà sí i lábẹ́ nínú ìwé mi. Mo kígbe, mo fò sókè. Ìyá àgbà rò pé àkekèé ló ta mí, wọ́n ti fa bàtà yọ.

Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wo ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ rà á. Wọ́n ní, "Ọwọ́ oníwèé." Wọ́n wọ ẹ̀gbẹ́ ilé lọ, wọ́n bu omi eérú sínú ike kékeré wá fún mi. Ó mọ́ gaara bí omi òjò. Mo dì í mú lórí itan mi títí kẹ̀kẹ́ fi dé géètì.


Ajé, 16 Òkúdu

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá Àlàní, wọn ò tíì dé. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, mo kán omi eérú sí inú olú. Mo ka ọgọ́ta. Mo tún ka ọgọ́ta. Kò sí nǹkan kan. Ó rin ni, ó gbẹ, kò dúdú rárá. Mo ṣe é lára olú márààrún.

Kò dúdú, torí náà kì í ṣe Phellinus. Orúkọ tó wà lára àpótí ló tọ̀nà! Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe, olú ilẹ̀ òtútù wà ní Ifẹ̀, èmi Páàtì Wan ni mo sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀!

Ọ̀gá Àlàní bi mí pé, "Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Wọ́n wo àpótí náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́rin. Lọ́jọ́bọ̀ ni mo máa kà á fún kíláàsì.


Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdu

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n má bàa tún un dá sílẹ̀ lọ́kàn mi.

Mo ka ojú ìwé mẹ́rin mi. Dókítà jẹ́ kí n kà á tán. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí, ohùn wọn ò le rárá:

"Fomes gidi máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Tìrẹ pọ́n?"

"Rárá, mà."

"Ó dúdú?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, mà."

"Olú tí kò ṣe nǹkan kan, irú olú wo nìyẹn?"

Mo ti sáré dé ìdí 'kò dúdú' débi pé mo gbàgbé pé ó yẹ kó pọ́n. Dámilọ́lá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, mi ò mọ ẹni tó pè é wá. Ó ní, "Bóyá olú náà ń sùn ni, mà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí bóyá mo ti kọ́kọ́ kán omi mi sára olú tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé Phellinus ni. Mi ò ṣe é. Kò wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n ní kí Ọ̀gá Àlàní gbé ọ̀kan wá láti inú dúróà, èyí tí ọ̀mọ̀wé kan ti yẹ̀ wò dáadáa. Wọ́n fún mi, wọ́n ní kí n kán omi mi sí i lójú gbogbo èèyàn.

Mo kán an. Ó rin, ó gbẹ. Kò dúdú.

Dókítà ní, "Ó dáa. Omi rẹ ló ń sùn, kì í ṣe olú." Wọ́n wo kàlẹ́ńdà. "Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Dámilọ́lá ti múra tán. Ṣé kí n gbé e fún un?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún mi títí di ọjọ́ Ajé." Wọ́n ní ó dáa, títí di ọjọ́ Ajé.


Ẹtì, 20 Òkúdu

Mi ò lọ kíláàsì. Mo ní orí ń fọ́ mi. Orí ò fọ́ mi.

Khàdíjàh jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní, "Jẹ́ kó yé mi. Wọn ò sọ pé olú kì í ṣe Phellinus?"

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Omi ni kò dáa?"

"Omi ni."

"Ta ló wá fún ọ lómi?"

Mo dìde jókòó.


Àbámẹ́ta, 21 Òkúdu

Mi ò tiẹ̀ kí Ìyá àgbà tán tí mo fi béèrè. Wọ́n ń ro ọṣẹ, wọn ò gbójú sókè.

"Omi kẹta ni mo bù fún ọ."

"Omi kẹta báwo, mà?"

Wọ́n wá fi hàn mí. Omi tí wọ́n bá kọ́kọ́ dà sórí eérú ló máa ń gbé agbára rẹ̀ jáde. Ó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Òun ni wọ́n fi ń se ọṣẹ. Wọ́n á tún da omi lé e, èyí kejì rọ̀. Ẹ̀kẹta, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan nínú, òun ni wọ́n fi ń fọ ìkòkò.

"Ìyá àgbà! Kí ló dé tí ẹ fún mi ní omi ìfọkòkò?"

"Wo ọwọ́ mi." Wọ́n na ọwọ́ wọn sí mi. Awọ àtẹ́lẹwọ́ wọn le, ó là bí ilẹ̀ oko lẹ́ẹ̀rùn. Mo mọ ọwọ́ yẹn láti kékeré, mi ò sì béèrè rí. "Omi àkọ́kọ́ ló ṣe èyí. Ṣé kí n wá gbé e fún ọmọ tó ń fi tirẹ̀ kọ̀wé? O ò sọ fún mi pé iná rẹ̀ lo fẹ́. O ní omi eérú, mo bu omi eérú fún ọ."

Òótọ́ ni. Mi ò sọ fún wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, kí n dìde kí n kúnlẹ̀ bí èèyàn gidi. A jọ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kó eérú tuntun sínú ajere níṣojú mi. Wọ́n dúró de omi àkọ́kọ́, wọ́n fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án, wọ́n tutọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ó ta." Wọ́n fi òwú sẹ́ ẹ sínú ìgò onígíláàsì, wọ́n fi ọ̀rá méjì wé e, wọ́n fún mi ní ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń ro ọṣẹ. Ó tóbi débi pé ọwọ́ mi méjèèjì lè gba inú ẹyọ kan.


Ajé, 23 Òkúdu

DÚDÚ.

Lọ́tẹ̀ yìí mo tẹ̀lé ètò. Mo kọ́kọ́ kán an sórí bébà funfun, kí n lè mọ àwọ̀ omi náà fúnra rẹ̀: ó pọ́n bíi tíì. Mo kán an sára olú inú dúróà, èyí tí a ti mọ̀. Ó dúdú kí n tó gbé ọwọ́ kúrò. Mo wá kán an sára 417.

Ó tàn ká bí yíǹkì tó dà sórí aṣọ. Dúdú! Mo ṣe ìkejì, dúdú. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún. Mo fi aṣọ nù ún, kò mọ́. Mo ń jó pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ Ìyá àgbà lọ́wọ́. Khàdíjàh tó tẹ̀ lé mi wá ń pàtẹ́wọ́. Mo sì kígbe pé, "Ẹni tó kọ Fomes sára àpótí yìí, ṣé ojú ń dùn ún ni? Ọmọ Páàtì Wan ló wá tún un ṣe!"

Ọ̀gá Àlàní rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ṣeé ṣe kójú máa dùn ún lóòótọ́."

Dókítà wá wò ó. Wọn ò sọ ju "Hẹ̀n-ẹ́n" lọ, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ tèmi. Ohun méjì ló kù: kí a tún un ṣe pẹ̀lú pọ́táṣì gidi bó bá dé, kí n sì wá ẹ̀gún kan tí àwọn Phellinus púpọ̀ máa ń ní nínú ihò wọn, tí Fomes àti Ganoderma kì í ní.


Ọjọ́bọ̀, 26 Òkúdu

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ọ̀gá Àlàní ní kí n lọ mú bébà kan nínú fáìlì àtijọ́. Mo ṣí i. Ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ lọ́dún 1989 ni, wọ́n buwọ́ lù ú: S. Àlàní. Ọwọ́ rere yẹn. S tó ní ìrù, F tó dà bí òpó iná. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí 417 kó lè dá mi lójú. Ó dá mi lójú.

Mo dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi wá wò ó bóyá fáìlì ti gbé mi mì.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ Ajé..."

"Dìde, ilẹ̀ ibẹ̀ ò mọ́." Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. "Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ yìí ni. Ìwé kan ṣoṣo ló wà tó ní àwòrán, ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Mo gbé olú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, wọ́n jọra. Mo kọ ọ́. Lọ́dún kejì mo ti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò tún un ṣe, sà?"

"Ojú tì mí. Mo ní ẹnì kan á bá mi tún un ṣe. Ẹni náà ò tètè dé ni." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Nígbà tó o sọ lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé orúkọ mi tọ̀nà, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ó ṣì dùn mọ́ mi."

Mi ò rò ó rí pé àgbàlagbà lè ní irú ẹ̀rù tí mo ní.


Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

Òjò fún ọjọ́ mẹ́rin. Kò sí iná ní láàbù. Máíkírósíkóòpù àtijọ́ tó ní dígí lábẹ́ wà, ṣùgbọ́n oòrùn ló ń lò, kò sì sí oòrùn. Mo jókòó sójú fèrèsé bí ẹni tó ń retí àlejò. Aṣọ mi tí mo sá láti ọjọ́ Àìkú ti ń hu olú tirẹ̀.


Ọjọ́rú, 2 Agẹmọ

Oòrùn yọ ní aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀!

Mo ti gé olú náà pẹlẹbẹ pẹ̀lú bíléèdì láti àná, ogún pẹlẹbẹ, mẹ́tàdínlógún nípọn jù. Mo yí dígí sí oòrùn, mo di ojú òsì. Òkùnkùn. Mo yí i. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, odidi ihò kan hàn bí ojú kànga. Láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n yọ sí inú, wọ́n pọ́n rúsúrúsú, ẹnu wọn mú ṣóṣóró: ẹ̀gún. Mo ka mẹ́sàn-án nínú ihò kan.

Mi ò kígbe. Mo kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wò." Wọ́n tẹ̀ba, wọ́n wò ó pẹ́. Ìkúùkù bo oòrùn kí wọ́n tó gbójú sókè, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i. Àwa méjèèjì ti rí i.


Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Pọ́táṣì gidi dé láàárọ̀ yìí. A kán an níṣojú Dókítà. Dúdú, gẹ́gẹ́ bíi ti Ìyá àgbà. Dókítà ní kí n bá àwọn bẹ̀ Ìyá àgbà fún ọṣẹ díẹ̀.

Ìdílé ti dájú: Phellinus. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àkójọ, orúkọ méjìméjì ni gbogbo olú ní. Kí ni èkejì? Mo ti wá hóró rẹ̀, irúgbìn tíntìntín tí olú fi ń bí òmíràn, nínú gbogbo pẹlẹbẹ tí mo gé, torí hóró ló lè sọ ọ́. Kò sí ẹyọ kan. Ó ti gbẹ jù, ó ti pẹ́ jù.

Dámilọ́lá bá mi ní ìta láàbù. Kò fi mí ṣẹ̀sín, ó tiẹ̀ ra gúgúrú fún mi. Ó ní, "Kọ igniarius sí i. Phellinus igniarius. Àwọn èèyàn ń fi òun náà gba iná, iná gan-an ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Bó o bá fi àyè sílẹ̀, wọ́n á ní Páàtì Wan ni, kò lè parí iṣẹ́."

Mo kọ ọ́ pẹ̀lú pẹ́ńsù láti wo bó ṣe máa rí. Ó dára lójú. Ó dà bí iṣẹ́ tó parí. Mo jẹ gúgúrú tán, mo ṣí ìwé. Igniarius, ara igi ilẹ̀ òtútù ló ń gbé.

Mo fi rọ́bà pa á rẹ́.


Ẹtì, 4 Agẹmọ

Wọn kì í yọ orúkọ àtijọ́ kúrò lára àpótí. Bébà pẹlẹbẹ tuntun ni wọ́n máa ń lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí gbogbo ohun tí wọ́n ti pè é. Lórí tèmi mo kọ: Phellinus. Ní àyè èkejì mo fa ìlà kan, mo sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: kò sí hóró, a ò tíì mọ̀.

Mo gbé e fún Dókítà.

Wọ́n kà á. "Kí ló dé tó o dúró síbí?"

"Ibẹ̀ ni ẹ̀rí mi parí sí, mà."

Wọ́n tún un kà. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa sọ fún bàbá mi bí wọ́n bá yọ 417. Dókítà fa ìwé àkójọ jáde, wọ́n wá ojú ìwé tó kàn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an, ìlà náà pẹ̀lú. Wọ́n dá bébà padà.

"Kò tíì parí."

"Mà?"

"Orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò dà?"

Mo rò pé orúkọ Dókítà ló máa wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́: Ọmọ́ṣaléwá Adésọjí, 4 Agẹmọ 2025. Ọwọ́ mi ò dára bíi ti Ọ̀gá Àlàní, A mi wọ́ díẹ̀. Ọ̀gá Àlàní fi búrọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ tiwọn, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ má bàa kù sí i. Wọ́n wò ó, wọ́n mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù kalẹ̀.

Lábẹ́ tèmi, àyè ìka mẹ́ta ṣẹ́kù. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan sí ibẹ̀, ti ẹni tó máa tún tèmi ṣe ni.

Lóṣù tó kọjá, irú ọ̀rọ̀ yẹn kì bá ti jẹ́ kí n sùn. Mo wo àyè náà. Mo bi wọ́n bóyá èmi náà lè jẹ́ ẹni yẹn.

"Hóró ńkọ́?"

"Mo máa wá a, sà."

"Wá a ná," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé àpótí náà padà sórí pẹpẹ.